Férémù kẹ̀kẹ́ orí òkè onírin ti àtijọ́: èwo ló yẹ ní rírà, èwo ló yẹ ní fífi sílẹ̀?

Férémù méjì ló wà nínú yàrá tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọ̀kan pupa fòò, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè fi wo ojú. Èkejì dà bí ohun tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀: ọ̀dà ti bó, ìpẹtà ti yọ níbi púpọ̀, ọ̀pá ìjókòó sì ti gan mọ́ inú rẹ̀. Iye tí mo ra pupa yẹn tó ìlọ́po mẹ́ta iye tí mo ra ìkejì. Àmọ́ èyí tó rí wúruwùru yìí ni mò ń gùn. Pupa wà lára ògiri, ibẹ̀ náà ni yóò sì máa wà, nítorí pé ó ti sán lábẹ́ ọ̀dà kí n tó rà á.

Wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilójọ̀. Nídìí férémù àtijọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣiṣẹ́ rárá. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò báyìí kí n tó wo ọ̀dà: ọdún tí wọ́n ṣe é, irú irin tó jẹ́, àti bóyá ó ṣì dúró gbọọrọ. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọdún: ìgbà mẹ́ta, ìwà mẹ́ta

Àwọn tó dá kẹ̀kẹ́ orí òkè sílẹ̀ ní Marin County, ní California, àwọn kẹ̀kẹ́ ńlá ògbólógbòó ni wọ́n fi ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Ní 1977, Joe Breeze, ọ̀kan lára wọn, fi páìpù chromoly (irin alágbára kan) ṣe èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà. Ní 1981, ilé iṣẹ́ Specialized gbé kẹ̀kẹ́ Stumpjumper jáde, ọwọ́ gbogbo èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í tó o. Láti ìgbà yẹn títí di nǹkan bí 1996, irin ló ṣáájú, kí alumíníọ̀mù tó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Táyà 26 ni gbogbo wọn ń lò, rímù rẹ̀ sì jẹ́ 559 mm. Wọ́n ṣì ń ṣe táyà yẹn dòní, nítorí náà kò sí ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni àwọn ìwọ̀n yòókù. Mo tò ó síbí kó lè rọrùn láti fi ojú kan wò (cantilever ni bíréèkì alápá méjì tó ń fún rímù; U-brake, ẹ ó rí àlàyé rẹ̀ níwájú):

| | 1981–1985 | 1986–1989 | 1990–1996 |
|---|---|---|---|
| Fífẹ̀ ẹnu ẹ̀yìn (ibi tí táyà ẹ̀yìn ń jókòó sí) | 126 tàbí 130 mm | 130 mm lọ́pọ̀ ìgbà | 135 mm lọ́pọ̀ ìgbà |
| Ọrùn férémù (páìpù iwájú tí fọ́ọ̀kì ń wọ̀) | ínṣì 1 | ínṣì 1 | ínṣì 1⅛ lọ́pọ̀ ìgbà |
| Bíréèkì ẹ̀yìn | cantilever | cantilever tàbí U-brake | cantilever |
| Ìrìn rẹ̀ | ó gùn, kò kánjú | ó yára yí | ó yára yí, ara rẹ̀ fúyẹ́ |

Àwọn ti ìgbà àkọ́kọ́ gùn lẹ́yìn, ọrùn wọn sì dùbúlẹ̀, ní nǹkan bíi dígírì 68. Ẹ lè gùn wọ́n lórí ọ̀nà eléruku láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹ̀yìn má ro yín. Àmọ́ tí ọ̀nà bá há, tó ń yí kọ́rọ́kọ́rọ́ láàárín igi, ẹ ó mọ̀ pé ẹ gbé ọkọ̀ ojú omi wá. Mo fẹ́ràn ojú wọn, ẹwà wọn kò láfiwé. Ẹni tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ni mo rò pé wọ́n bá mu jù, torí pé wíwá ẹ̀yà ara tó bá ọdún wọn mu lè gba sùúrù ọdún kan gbáko.

Ìgbà kejì ni ibi tí ọ̀fìn wà. Ọrùn ti dìde sí nǹkan bíi dígírì 71, kẹ̀kẹ́ ti ń yí bí ẹja. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1986 sí 1988, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gbé bíréèkì ẹ̀yìn lọ sí abẹ́ férémù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò pẹ́dà (ihò ìsàlẹ̀ tí ọ̀pá pẹ́dà gbà kọjá), irú èyí tí wọ́n ń pè ní U-brake. Gbogbo ẹrẹ̀ tí táyà bá gbé, ibẹ̀ ló ń já sí. Ẹni tó bá ń rò pé òun á yọ ọ́, òun á fi bíréèkì tòde òní rọ́pò rẹ̀, kó tún èrò pa. Èèkàn U-brake (irin kékeré tí bíréèkì ń jókòó lé) ga kọjá rímù, ti cantilever sì wà nísàlẹ̀ rímù. Ìkan ò lè jókòó sórí èèkàn èkejì. Àfi kí ẹ gbé e fún ẹni tó mọ irin jó dáadáa pé kó jó èèkàn tuntun mọ́ ọn, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé ọ̀dà ẹ̀yìn ti lọ nìyẹn. Bí bíréèkì yẹn ṣì wà lára rẹ̀ tó sì ń di táyà mú, tí ibi tí ẹ ń gùn kì í ṣe ẹlẹ́rẹ̀, kò burú. Bí kò bá sí lára rẹ̀, ẹ má rà á.

Ìgbà kẹta ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ *gùn* kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí kì í ṣe pé ó fẹ́ gbé e kọ́. Ẹnu ẹ̀yìn tó fẹ̀ tó 135 mm gba họ́ọ̀bù (àárín táyà) ẹ̀yìn tó pọ̀ lọ́jà títí dòní. Ọrùn ínṣì 1⅛ gba béárìn tó wà káàkiri. Èèkàn cantilever rẹ̀ sábà máa ń gba V-brake, bíréèkì tó lágbára jù ú lọ, tí Shimano mú jáde ní 1996. Ọ̀fìn kan péré ni kí ẹ ṣọ́: àwọn férémù kan láàárín ìgbà yẹn, pàápàá ti ilé iṣẹ́ Gary Fisher, lo ọrùn ínṣì 1¼ tí wọ́n ń pè ní Evolution. Kò sí ohun tó ṣe irin náà, béárìn rẹ̀ ló ṣòro rí. Ẹ gbé kálípà (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìfẹ̀ nǹkan) dání.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀kì, apá méjì tó di táyà iwájú mú, náà wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ RockShox gbé fọ́ọ̀kì onísípíríǹgì (èyí tó ń rì láti gba gìrìgìrì ọ̀nà) jáde ní 1989, fọ́ọ̀kì yẹn sì ga ju fọ́ọ̀kì gbọọrọ, èyí tí kì í rì, lọ. Férémù tí wọ́n ṣe ṣáájú kò retí gíga yẹn. Tí ẹ bá ki fọ́ọ̀kì gíga bọ férémù 1988, iwájú á gbéra sókè, ìdarí á sì di ọ̀lẹ. Férémù tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1993 lọ sábà máa ń ní ìgbaradì fún un. Ní tèmi, fọ́ọ̀kì gbọọrọ onírin ni mo máa ń dá padà sí i. Fọ́ọ̀kì onísípíríǹgì ti ìgbà yẹn, rọ́bà inú rẹ̀ ti máa ń rà báyìí, ẹ ó sì wá irú rọ́bà yẹn títí.

Irin: ihò kékeré tó ń sọ òótọ́

Ọ̀pọ̀ ló rò pé chromoly fúyẹ́ ju irin lásán lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gé irin méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, ìwúwo wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀, bákan náà ni wọ́n sì ṣe ń rọ̀ tàbí le. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni agbára. Chromoly jẹ́ irin tí wọ́n po chromium àti molybdenum mọ́. Ó lágbára débi pé wọ́n lè ṣe páìpù rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó má sì tẹ̀. Fífẹ́lẹ́ yẹn ló mú kí férémù fúyẹ́. Irin lásán, tí wọ́n máa ń kọ hi-ten sí lára, àfi kó nípọn kó tó lè gbé èèyàn.

Páìpù tó dára tún máa ń nípọn létí méjèèjì, níbi tí wọ́n ti jó o, á wá fẹ́lẹ́ láàárín. Ohun tí 0.9/0.6/0.9 túmọ̀ sí lára síkà (ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù) nìyẹn: 0.9 mm létí kan, 0.6 láàárín, 0.9 létí kejì. Orúkọ tí ẹ ó máa rí ni Tange ti Japan (Prestige ni ọ̀gá nínú wọn), Columbus ti Ítálì, True Temper ti Amẹ́ríkà, Ritchey Logic, àti Reynolds ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Reynolds 853, tó jáde ní 1995, ní ìwà kan tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ibi tí iná ìjórin bá kàn lára rẹ̀ máa ń le sí i bó ṣe ń tutù nínú afẹ́fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ irin mìíràn ń rẹ̀wẹ̀sì níbẹ̀.

Àmọ́ síkà kì í sọ òótọ́ nígbà gbogbo, ẹnikẹ́ni lè rà á lẹ̀ mọ́ ọn. Ihò ọ̀pá ìjókòó ni kì í parọ́. Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é. Mo máa kọ́kọ́ fi kálípà wọn ìta páìpù ìjókòó. Lára férémù onírin ti ìgbà yẹn, 28.6 mm ló sábà máa ń jẹ́. Lẹ́yìn náà, mo á yọ ọ̀pá ìjókòó, mo á ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n fa ìlà sí. Bó bá jẹ́ 27.2, ẹ yọ ọ́ kúrò lára 28.6, ẹ pín in sí méjì: ara páìpù nípọn tó 0.7 mm péré. Irin gidi nìyẹn, irin burúkú kò lè fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ 26.8, ó jẹ́ 0.9, ó ṣì dára. 26.4 já sí 1.1 mm, ẹ ti ń sún mọ́ férémù tó wúwo. Tó bá ti wá sí 25.4, ohunkóhun tí síkà ìbáà máa wí, irin lásán ni.

Ẹ rí i dájú pé ọ̀pá tó wà níbẹ̀ jókòó dáadáa o. Àwọn kan máa ń fi ọ̀pá tín-ínrín há a, wọ́n á wá dè é pinpin títí etí páìpù á fi lẹ̀ mọ́ra. Tí ojú lílà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá ti pàdé lókè bí ètè, ọ̀pá tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n fi sí i.

Oríkèé: ẹ má jẹ́ kó gbà yín lọ́kàn jù

Àwọn kan á ní férémù tí wọ́n fi ìbòrí irin bo oríkèé rẹ̀, tí wọ́n wá fi idẹ yíyọ́ lẹ̀ pọ̀, ló lágbára jù. Ìbòrí yẹn ni wọ́n ń pè ní lug. Kẹ̀kẹ́ Bridgestone MB-1 àti Trek 970 ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 jẹ́ irú rẹ̀, wọ́n sì rẹwà. TIG ni èyí tí wẹ́dà jó páìpù mọ́ páìpù ní tààrà, tí ojú ìjórin rẹ̀ tò bí owó ẹyọ tí wọ́n tẹ́ sórí ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Kona Explosif àti Ritchey rí. Mo ti gun méjèèjì. Láti orí ìjókòó, mi ò mọ ìyàtọ̀. Àǹfààní kan tí lug ní ni pé páìpù tó bá bàjẹ́ ṣeé yọ́ kúrò kí wọ́n sì fi òmíràn sí i, bí ẹ bá rí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ojú ni.

Gbọọrọ ni àbí wíwọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti férémù pupa yẹn. Ẹni tó tà á fún mi ní kò tíì ṣubú rí. Mo wo ọ̀dà, mo wo síkà, inú mi dùn, mo sanwó. Ọjọ́ kẹta, mo ń nu abẹ́ rẹ̀, àtàǹpàkò mi kọsẹ̀ lára nǹkan kan lábẹ́ páìpù ìsàlẹ̀, ó fi nǹkan bí ìka méjì jìnnà sí ọrùn. Ó wú díẹ̀, bí ìgbà tí aṣọ bá ká jọ lábẹ́ ìgbànú. Mo mú òòfà kékeré, mo gbé e lé ibẹ̀. Ó jábọ́. Mo gbé e lé ibòmíràn, ó lẹ̀ típẹ́. Mo tún gbé e padà síbi wíwú yẹn, ó tún jábọ́. Bódì fílà (ohun tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ tó tẹ̀) ni wọ́n fi dí i kí wọ́n tó kùn ún. Nígbà tí mo fá a, irin tó ti ká jọ ni mo bá, ìlà sísán kan sì wà létí ojú ìjórin, ó gùn tó èékánná mi.

Férémù tó fi orí gbá nǹkan máa ń wú níbẹ̀ gan-an: lábẹ́ páìpù ìsàlẹ̀ àti páìpù òkè, lẹ́yìn ọrùn. Ọ̀dà tó rún níbẹ̀ ti tó láti mú kí ẹ dìde, kí ẹ kí ọlọ́jà, kí ẹ máa lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀dà tuntun ni, àtàǹpàkò àti òòfà ni kí ẹ lò, ẹ má lo ojú.

Fún ẹ̀yìn, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó. Ẹ so ó mọ́ ẹnu ẹ̀yìn lápá kan, ẹ fà á yí iwájú ọrùn ká, kí ẹ so ó mọ́ ẹnu ẹ̀yìn kejì. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín okùn àti páìpù ìjókòó lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ìyàtọ̀ kò bá ju 1 tàbí 2 mm lọ, kò séwu. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tí páìpù kò rún, oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lè tẹ̀ ẹ́ padà tútù láìlo iná. Ibi tí irin ti ju alumíníọ̀mù lọ nìyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń la ẹnu ẹ̀yìn 130 di 135.

Ìpẹtà ńkọ́? Èyí tó wà lójú kì í sábà pa férémù. Ti inú ló ń pa á. Ẹ yí férémù dé kí omi tàbí ẹrẹ̀ tó bá wà nínú ihò pẹ́dà lè jáde, kí ẹ tan iná wò ó. Ẹ fi owó ẹyọ kan abẹ́ apá ẹ̀yìn nítòsí ihò yẹn: tó bá dún ketekete, ó wà láàyè, tó bá dún bí páálí, ibẹ̀ ti jẹrà. Ibi tí ọ̀dà ti wú bí ooru ara, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá rì, ó ti tán.

Férémù lásán tàbí odindi kẹ̀kẹ́?

Odindi kẹ̀kẹ́, bí owó bá gbé e. Ẹ̀yà ara tí ẹ ó ra lọ́kọ̀ọ̀kan máa ń gba owó tó ju férémù lọ, òmíràn kò sì ní bá ọdún rẹ̀ mu. Àfi bí ẹ bá ti ní kẹ̀kẹ́ kan tí ẹ fẹ́ tú, férémù lásán kò fi bẹ́ẹ̀ pé.

Títún un ṣe

Ọ̀pá ìjókòó tó gan mọ́ inú férémù máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń tà á dín owó rẹ̀ kù. Bí ẹ bá ní sùúrù, ibẹ̀ ni èrè yín wà. Bí mo ṣe rí èyí tí mò ń gùn rà nìyẹn. Ọ̀pá alumíníọ̀mù nínú páìpù irin, pẹ̀lú òógùn àti omi òjò láàárín wọn, máa ń hu nǹkan funfun tó ń há wọn mọ́ra. Àwọn kan máa ń sáré gbé iná ka ìta rẹ̀. Alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin bí iná bá kàn wọ́n, nítorí náà tí iná bá ti dé ọ̀pá, há ni yóò túbọ̀ há. Òtútù ló yẹ kó kan ọ̀pá. Mo fi òróró tó ń wọnú sí i láti òkè, mo yí férémù dé, mo tún rọ ọ́ gba ihò pẹ́dà wọlé, mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Amóníà ni mo lò lẹ́yìn náà, ní ìta gbangba, torí pé ó máa ń jẹ nǹkan funfun yẹn (ẹ má jẹ́ kó pàdé ọṣẹ blíìṣì láé, èéfín rẹ̀ ń pààyàn). Ní ọjọ́ keje, mo de orí ọ̀pá náà mọ́ báìsì (irin tó ń di nǹkan mú) tó wà lórí tábìlì, mo di férémù mú lápá méjèèjì bí ẹni di ìdarí ọkọ̀, mo yí i. Ó dún *kẹ́ẹ̀*, ó dákẹ́. Mo tún yí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìwọ̀n èékánná kan lẹ́ẹ̀kan.

Bí gbogbo ìyẹn bá kọ̀, kọ́sítíìkì sódà máa ń jẹ alumíníọ̀mù tán kó sì fi irin sílẹ̀. Ó tún máa ń jẹ ojú àti awọ ara, ó ń jẹ ọ̀dà, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde sì lè gbiná. Ẹni tó bá mọṣẹ́ ni kó ṣe é.

Ihò pẹ́dà kò ní wàhálà púpọ̀. Tírẹ́ẹ̀dì kan náà ni férémù ìgbà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń lò, 68 tàbí 73 mm ni fífẹ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ sì wà lọ́jà. Kí ẹ ṣáà rántí pé apá ọ̀tún, níbi ṣéènì, òdìkejì ló ń tú. Mo ti rí ẹni tó gun orí sípánà kí ó tó rántí.

Fún ìpẹtà, oxalic acid tí wọ́n pò mọ́ omi ni mo fẹ́ràn ju ásíìdì líle lọ, torí pé ásíìdì líle lè mú kí irin tó fẹ́lẹ́ tó sì le bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Májèlé ni oxalic náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, omi, sódà ìyan, omi, kí ẹ wá gbẹ ẹ́ kíákíá.

Ọ̀dà wá kù. Ọ̀dà oníyẹ̀fun, tí wọ́n ń fọ́n sí i tí wọ́n sì ń yan ní nǹkan bíi dígírì 180 sí 200, kì í tètè ha, iná yẹn kò sì tó yọ́ idẹ tàbí fàdákà inú oríkèé. Àmọ́ ó nípọn. Lára férémù lug, ó máa ń bo gbogbo etí tí oníṣẹ́ fi ọwọ́ rẹ́, á dà bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ sórí òrùka. Ọ̀dà olómi ló yẹ lug, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tètè ń ha. TIG lè gba oníyẹ̀fun láìsí ẹ̀sùn. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ẹ sọ fún oníṣẹ́ kó má fi iyanrìn líle fọ́n páìpù tó fẹ́lẹ́, kó sì dí tírẹ́ẹ̀dì, inú páìpù ìjókòó àti èèkàn bíréèkì. Ọ̀dà tó bá wọ orí èèkàn ló ń jẹ́ kí bíréèkì kọ̀ láti padà.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí ẹ má kùn ún rárá. Férémù lè ní ọ̀dà tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ní ti àkọ́kọ́. Ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyẹn. Mo fọ̀ ọ́, mo fá ibi tí ìpẹtà wà, mo fi ọ̀dà díẹ̀ tó jọ ọ́ tọ́ ojú rẹ̀, mo fi wáàsì nù ún. Mo rọ òróró ìdènà ìpẹtà sínú gbogbo páìpù láti ojú ihò kéékèèké wọn, mo ń yí férémù lọ́wọ́ bí ẹni ń fọ ìgò, mo sì so ó rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìwé ìròyìn tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ti ní àmì mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan lábẹ́ ihò tó ti jáde. Mo fi gírísì kún ọ̀pá ìjókòó tuntun, 27.2, mo kì í bọ̀ ọ́. Ó wọlé wẹ́rẹ́.